Aṣọ Tí N Kò Fọ̀

Mo fọ aṣọ gbogbo ayé ní Pópó-Ọba:
ti àwọn tíṣà, ti àwọn ọlọ́kọ̀ ojú omi,
aṣọ ìkómọ, aṣọ òkú.
Ọṣẹ ti jẹ ìka mi bí omi ọ̀sà ti ń jẹ ìdí ọkọ̀.
Ẹyọ kan ṣoṣo ni n kò fọ̀.

Ìborùn Múínátù ni, aláwọ̀ ewé,
tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣẹ́tí
nígbà tó ń kọ́ṣẹ́ télọ̀ lọ́dọ̀ Ìyá Rábì.
Ọjọ́bọ̀ ló jáde, ó ní òun ń lọ gba owó iṣẹ́ ní Màrínà.
Àwọn apẹja ló gbé e dé láàárọ̀ Jímọ́ọ̀.
Àwọ̀n ni wọ́n fi bò ó, wọn kò ní nǹkan mìíràn.
Àwọ̀n kì í bo nǹkan.

Àwọn tó wẹ̀ ẹ́ ní kí n jó ìborùn náà.
Ẹ̀gbọ́n mi ní kí n sọ ọ́ sọ́sà.
Sájẹ́ǹtì Ògúnmúyìwá wò ó lókè, ó wò ó nísàlẹ̀,
ó ní, "Ìyá, ẹlẹ́rìí là ń wá. Aṣọ kì í sọ̀rọ̀."
Mo dì í sínú bébà sìmẹ́ǹtì,
mo tì í sí ìsàlẹ̀ àpótí.

Wọ́n ní irọ́ a máa rìn fún ogún ọdún
kí òtítọ́ tó lé e bá lọ́jọ́ kan.
Mo ń kà á.
Ó pé ogún, ẹnu ọ̀nà dákẹ́.
Ó di méjìlélógún:
òwe jẹ mí ní gbèsè ọdún méjì.

Ìgbà náà ni ọmọbìnrin kan dé láti Èkó, Ìwàlolá,
ọmọ ọdún mẹ́ta ni lọ́dún tí wọ́n pa ọmọ mi.
Ó wọ ìbọ̀wọ́ kó tó fọwọ́ kan àpótí,
bí ẹni tó fẹ́ gba ọmọ tuntun lọ́wọ́ agbẹ̀bí.
"Ìyá, ta ló ní kí ẹ fi bébà dì í?"
Mo ní kò sẹ́ni, òun ló wà nílẹ̀.
Ó ní ká ní ọ̀rá ni, gbogbo rẹ̀ ì bá ti jẹrà.
Ó fi òwú nu inú ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi,
òwú bíńtín, èmi tí ẹkún mi ti kún garawa.

Díẹ́nẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń pè é.
Mo kọ́ ọ bí ọmọ ilé-kéwú,
díẹ́nẹ́ẹ̀, díẹ́nẹ́ẹ̀, títí ahọ́n mi fi gbà á.

Oṣù keje ni wọ́n pè mí.
Ẹ̀jẹ̀ ọmọ mi wà lára aṣọ, mo mọ ìyẹn.
Ṣùgbọ́n níbi tó ti ṣẹ́tí, ẹ̀jẹ̀ mìíràn wà,
ti ọkùnrin kan.
Ọmọ mi ya á léèékánná kó tó kú.
Mo rẹ́rìn-ín. Kí Ọlọ́run dárí jì mí, mo rẹ́rìn-ín.

Wọn kò tíì mọ orúkọ onítọ̀hún.
Ó lè ti kú. Ó lè jẹ́ ẹni tó ń wọn edé fún mi
lọ́jà Olúwo.
Láti ọjọ́ náà, ọwọ́ ni mò ń wò, n kì í wo ojú mọ́.

Ṣùgbọ́n wọ́n mọ ẹni tí kì í ṣe.
Kì í ṣe Mùtíù.
Mùtíù tó fẹ́ fẹ́ ẹ, tí wọ́n tì mọ́lé fún oṣù mọ́kànlá,
tó jáde pẹ̀lú ẹsẹ̀ kan tó ń wọ́ tẹ̀lé èkejì.
Mùtíù tí mo tutọ́ sílẹ̀ níwájú rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà mọ́ṣáláṣí,
tí n kò kí láti ìgbà náà.

Mo bá a létí ọ̀sà, ó ń fi òwú dí ojú ihò ọkọ̀.
Òwú náà ni.
Mo ní, "Mùtíù, wọ́n ní kì í ṣe ìwọ."
Kò gbójú sókè.
"Ìyá Múínà, èmi ti mọ̀ tipẹ́."
Ó fi òòlù gbá òwú wọlé, ẹ̀ẹ̀mẹ́ta,
ó sì sún díẹ̀ lórí bẹ́ńṣì.
Mo jókòó.